Aṣọ ìbora tí mo ń fọwọ́ ya òdòdó sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà abẹ́rẹ́. Mo ń fi òwú pupa ya òdòdó sára ègé aṣọ funfun, kí n lè rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora fún ọmọ àbúrò mi. Íǹṣì mélòó ni kí n gé e?

Èsì: Tó o bá fẹ́ kó ku 8 lẹ́yìn ìránpọ̀, gé e ní 10, ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ máa ń fa aṣọ jọ. Ya òdòdó tán kó o tó gé e sí 8 ààbọ̀.

Èsì: Òótọ́ ni màmá sọ. Òwú pupa yẹn ló ń bà mí lẹ́rù! Rẹ ẹ́ sómi, fi aṣọ funfun nù ún. Tí pupa bá ṣì ń yọ, má lò ó rárá.

Èsì: Tó o bá fẹ́ lọ̀ ọ́, da ojú òdòdó délẹ̀ sórí táwẹ̀lì, kó má baà tẹ̀ pẹlẹbẹ.