Títo ìwé ìtọ́kasí fún jọ́nà ìṣègùn: ìbéèrè láti Gwagwalada, èsì láti Zaria

Ìbéèrè láti Gwagwalada:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní Òkè Ọya, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ àpilẹ̀kọ kan lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, a sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan tó dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó kà á, nítorí pé ìlànà APA, tó ń lo orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún, ni a fi to ìwé ìtọ́kasí wa, nígbà tó jẹ́ pé Vancouver, ìlànà oní-nọ́ńbà, ni wọ́n ń lò. Ọwọ́ ni a fi tẹ gbogbo rẹ̀, àwọn ìwé náà sì pọ̀. Ṣé kí a tún jókòó tì í ni, àbí ọ̀nà kan wà tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ.

Èsì láti Zaria:

Àbúrò mi, ẹ kú akitiyan. Ẹ má fi ọwọ́ tún un tẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Vancouver, ìwé tí ẹ bá kọ́kọ́ tọ́ka sí ni ó ń jẹ́ 1, èyí tó tẹ̀lé e ń jẹ́ 2, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé òpin. Nítorí náà, bí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò bá ní kí ẹ fi ìwé kan ṣoṣo kún ìpínrọ̀ kejì, gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò yí padà. Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ìwé ìtọ́kasí, ni kí ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà yín. Kò gba kọ́bọ̀, kì í dáṣẹ́ sílẹ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, àyè 300 MB tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ sì wà fún fáìlì bíi PDF, àkọsílẹ̀ ìwé fúnra rẹ̀ kì í gba nǹkan kan níbẹ̀. Bí ẹ bá fi DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tàbí PMID (nọ́ńbà rẹ̀ nínú PubMed, àkójọ àpilẹ̀kọ ìṣègùn) ìwé kan sí i, yóò lọ kó orúkọ, ọdún àti ojú-ìwé wá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú Word, kí ẹ fi Zotero rọ́pò gbogbo ìtọ́ka tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò gba àsìkò, ṣùgbọ́n bí jọ́nà mìíràn bá tún béèrè ìlànà mìíràn lọ́la, yíyàn ni ẹ óò kàn yan án.

Kí ẹ lè mọ ohun tó yẹ kí ojú yín máa wá, ẹ jẹ́ kí a lo àpilẹ̀kọ Watson àti Crick lórí DNA. APA yóò kọ ọ́ báyìí: Watson, J. D., & Crick, F. H. C. (1953). Molecular structure of nucleic acids: A structure for deoxyribose nucleic acid. Nature, 171(4356), 737–738. https://doi.org/10.1038/171737a0. Vancouver yóò kọ ọ́ báyìí: Watson JD, Crick FHC. Molecular structure of nucleic acids: a structure for deoxyribose nucleic acid. Nature. 1953;171(4356):737-8. Ọdún ti kúrò lẹ́yìn orúkọ, ó ti lọ dúró níwájú nọ́ńbà ìdìpọ̀. Àmì ìdánudúró kò sí láàárín lẹ́tà orúkọ mọ́. 738 sì ti di 8. Orúkọ jọ́nà tó bá gùn ni a ń gé kúrú, bí New England Journal of Medicine ṣe ń di N Engl J Med. Ní ti iye òǹkọ̀wé, ọ̀pọ̀ jọ́nà ń fẹ́ orúkọ mẹ́fà àkọ́kọ́ kí a tó fi et al. (àti àwọn yòókù) sí i, àwọn mìíràn ń fẹ́ mẹ́ta, nítorí náà ojú-ewé ìtọ́sọ́nà jọ́nà yín ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba orúkọ Vancouver lásán gbọ́. Láti ìgbà tí àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ti pàdé ní ìlú Vancouver ní Kánádà lọ́dún 1978 ni ìlànà yìí ti bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù jọ́nà sì ti ń tún un ṣe bó ṣe wù ú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ ni orúkọ. Mo mọ̀ pé ẹ kò lè kọ̀wé lórí àjẹsára ní Nàìjíríà kí ẹ má tọ́ka sí ìwádìí NDHS ọdún 2018, ìwádìí ìlera àwọn ará Nàìjíríà, èyí tí National Population Commission àti ilé-iṣẹ́ ICF gbé jáde lọ́dún 2019. Bí ẹ bá kọ orúkọ àjọ yẹn sí àyè tí wọ́n là fún orúkọ ènìyàn, Zotero yóò rò pé Commission ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ohun tí yóò sì jáde ni Commission NP. Federal Ministry of Health náà yóò dàrú bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èyí nínú iṣẹ́ tí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú kọ, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ wá ìwé náà kò ní rí i mọ́. Ẹ tẹ àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kí àyè méjèèjì di ẹyọ kan, kí ẹ wá kọ orúkọ àjọ náà ní odindi. Ẹni tó bá ń lo EndNote, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Zotero, yóò fi àmì kọ́mà sí ìparí orúkọ àjọ. Ẹni tó bá ń lo BibTeX, tí àwọn tó ń fi LaTeX kọ̀wé ń lò, yóò fi àkámọ́ onílọ̀ọ́po méjì yí i ká.

Orúkọ àwọn tó gbà wá lálejò níbí náà ń fẹ́ àmójútó. Ọ̀pọ̀ Hausa ló jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́, àwọn mìíràn sì ń fi orúkọ ìlú wọn kún un. Bí Abubakar Tafawa Balewa bá jẹ́ òǹkọ̀wé, kọ̀ǹpútà yóò kọ Balewa AT, bẹ́ẹ̀ sì ni Tafawa Balewa lódindi ni orúkọ ìlú náà ní Bauchi, tí a kò gbọdọ̀ gé sí méjì. Ẹ ṣí àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ tàbí ojú-ewé òǹkọ̀wé lórí ORCID, ibi tí àwọn olùwádìí ń forúkọ sílẹ̀ sí, kí ẹ wo bí òun ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè láti Gwagwalada:

A dúpẹ́ gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àwọn jọ́nà ilẹ̀ wa ńkọ́, tí a kì í rí DOI wọn? Ọ̀kan nínú wa sì ní kí AI bá wa wá ìyókù.

Èsì láti Zaria:

Ẹ kọ́kọ́ wá wọn lórí African Journals Online, nítorí pé ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà wà níbẹ̀, DOI tí wọ́n ń fún wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.4314. Ní ti AI, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìtọ́kasí kankan tó bá mú wá sínú iṣẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹ ti ṣí DOI rẹ̀, tí àkọlé tó wà níbẹ̀ bá èyí tó kọ fún yín mu, tí ẹ sì ti ka ìwé náà. Ó lè hun orúkọ òǹkọ̀wé gidi mọ́ àkọlé tí kò sí láyé, kí ó sì fi nọ́ńbà ìdìpọ̀ tó jọ òótọ́ sí i. Orúkọ yín ni yóò wà lórí àpilẹ̀kọ náà.

Àfikún láti Kánò:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé bí jọ́nà bá ní kí ẹ yọ ìsopọ̀ Zotero kúrò nínú fáìlì Word kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà ná, inú ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ ti yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ tán, tí ẹ sì ti fáìlì náà pa, kò ní ṣeé dá padà mọ́, àtúnṣe tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe lẹ́yìn náà yóò sì di ohun tí ẹ tún ń fi ọwọ́ ṣe.