"Làákàyè" ni Alfred Binet ń wá, kì í ṣe "ọpọlọ"

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìbarà dá a lábàá pé, nínú ìtàn ìgbésí ayé Alfred Binet, ará Faransé tó ṣe ìdánwò tí a fi ń mọ bí ọmọ ṣe gbọ́n tó, tí a ń kọ fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí a pe iṣẹ́ tó sọ ọkùnrin náà di olókìkí ní "ìdánwò ọpọlọ", kí a sì pe ohun tí ìdánwò náà ń fi hàn ní "ọjọ́ orí ọpọlọ" (mental age). Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì yé tọmọdé tàgbà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí ìgbésí ayé Binet fúnra rẹ̀ tako ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú tilé wa. Ní Abẹ́òkúta níbí, bí o bá sọ fún ìyá kan ní Láfẹ́nwá pé o fẹ́ yẹ ọpọlọ ọmọ rẹ̀ wò, Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ni ọkàn rẹ̀ yóò sáré lọ. Kì í ṣe pé Arò burú o. Ọmọ ìlú yìí ni Thomas Adéoyè Lambo, tó ṣètò láti 1954 pé kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí Arò ká, tí ayé sì yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ìwòsàn ni ti Arò. Ọmọ tí ìwé kò tètè yé kò ṣàìsàn, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ inú ìwé wa dẹ́rù ba ìyá rẹ̀.

Ó wá kan ti Binet. Ìlú Nice, tó wà ní ilẹ̀ Faransé lónìí, ni wọ́n bí i sí ní 1857. Ìmọ̀ òfin ló kọ́kọ́ kà, ó gboyè ní 1878, àmọ́ ilé ìkàwé ní Paris ló ti fúnra rẹ̀ kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá. Ó lọ bá Charcot, gbajúmọ̀ oníṣègùn, ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu kun àwọn aláìsàn lóorun, tí wọ́n sì gbà pé irin òòfà lè gbé ìmọ̀lára láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Binet gbà á gbọ́, ó sì kọ ọ́ síta. Delboeuf, ará Bẹ́ljíọ̀m, ló wá wò ó fínnífínní: ohun tí àwọn oníṣègùn ń retí, tí wọ́n ń sọ sétí aláìsàn, ni aláìsàn ń ṣe fún wọn. Nígbẹ̀yìn, Binet gbà pé òótọ́ ni.

Láàárín àkókò kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì, Madeleine àti Alice. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìrìn, Madeleine kì í gbẹ́sẹ̀ kúrò nídìí àga àfi bó bá rí ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Alice ní tirẹ̀ á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sí àárín yàrá, níbi tí kò sí nǹkan kan láti dì mú, ẹ̀rù kò sì bà á. Bàbá kan náà, ilé kan náà. Ìwé tó kọ lórí àwọn ọmọ méjèèjì yìí jáde ní 1903.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ti já ni ti orí wíwọ̀n. Broca, oníṣègùn ará Faransé, ti kọ́ àwọn ará Paris pé ẹni tí agbárí rẹ̀ bá tóbi lọgbọ́n rẹ̀ pọ̀. Binet náà gbé irin ìwọ̀n lọ sílé-ìwé, ó ń wọn orí àwọn tí olùkọ́ pè ní ọlọ́pọlọ pípé àti orí àwọn tí wọ́n pè ní olódo. Ìyàtọ̀ tó rí kò tó nǹkan rárá. Èyí tó sì wọ̀ mí lára jù ni pé ó kíyè sí ọwọ́ ara rẹ̀: bó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ kan kò mọ̀wé, ìwọ̀n tó ń rí á fẹ́ kéré sí i. Ó kọ èyí náà sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á. Ẹni tó ti wọn ilé ọpọlọ títí, tó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, a ha tún lè fi "ọpọlọ" sọ iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ?

Ní 1904, ìjọba Faransé yàn án mọ́ ìgbìmọ̀ kan lórí àwọn ọmọ tí ilé-ìwé ń ṣòro fún. Ní 1905, òun àti oníṣègùn Théodore Simon gbé ìdánwò oníbéèrè 30 jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó rọrùn jù ni pé kí wọ́n gbé ṣokoléètì àti igi pẹlẹbẹ síwájú ọmọ, kí wọ́n wò ó bóyá yóò mọ èyí tí a ń jẹ. Ó ṣàlàyé lọ́dún náà pé olórí ohun tí òun ń wá ni kí ènìyàn lè dájọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, kó lè dá nǹkan ṣe, kó sì mọ bí a ti ń ṣe sí ipò tó bá bá ara rẹ̀.

Kí ni Yorùbá ń pe ìyẹn? Làákàyè ni. Bí a bá rán ọmọ ní epo ìgò méjì, tó bá a pé epo ti gbówó lórí, tó ra ìgò kan dání, tó sì mú ṣéńjì bọ̀, a ó ní ó lo làákàyè. Bí ọmọ bá gba ipò kìíní tí kò sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tí òjò ń bọ̀, tí aṣọ wà lórí okùn, a ó ní ìwé ló mọ̀, kò ní làákàyè. Mo mọ̀ pé àwọn èwe ń sọ pé "lo ọpọlọ ẹ". Ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ohun tí a bí mọ́ni, ó wà nínú agbárí, ó parí síbẹ̀. Làákàyè ń dàgbà. Ní 1909 Binet bá àwọn tó ń sọ pé òye ọmọ kò lè ju bí wọ́n ṣe bí i lọ jà gidigidi nínú ìwé rẹ̀, ó pè é ní àìnírètí tó burú jáì. "Òye" tí àbúrò wa kan mú wá kò burú, àmọ́ ohun tó bá ti yéni ni òye. Ó kéré sí ohun tí Binet ń wá.

"Ọjọ́ orí" náà kò tọ̀nà. Ipele ni Binet fẹ́ràn láti máa sọ. Òótọ́ ni pé ní 1908 ó to àwọn ìbéèrè náà ní ọjọ́ orí, láti ọdún 3 dé 13, àmọ́ èyí tó fún ọmọ ọdún 9, pé kí ó fúnni ní ṣéńjì, ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta àkàrà ní Kútọ̀ ti ń ṣe é kó tó pé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ní Paris á dárúkọ ìdílé rẹ̀. Tiwa á ti máa jẹ́ Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́ fún ìyá àgbà kó tó mọ orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà. Nítorí náà, "ipele làákàyè" ni mo fara mọ́. Ní ti IQ, nọ́ńbà tí a fi ń sọ bí ènìyàn ṣe gbọ́n tó, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. William Stern ní Jámánì ló mú ìṣirò yẹn wá ní 1912, lẹ́yìn tí Binet ti kú ní October 1911, Terman sì tàn án ká ní Amẹ́ríkà láti 1916.

Ẹnìkan ní Aké fẹ́ kí a pe Binet, tó jẹ́ psychologist, ní "olùmọ̀ràn-ọkàn". Rárá o. Arínúróde Olùmọ̀ràn-ọkàn, Ọlọ́run là ń kì bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọmọ ṣe lójú rẹ̀ ni Binet ń kọ sílẹ̀. "Onímọ̀ ìṣesí akẹ́kọ̀ọ́" tó o. "Ìhùwàsí" á mú kí olùkọ́ rò pé ti ìpáǹle àti pàṣán ni.

Kí a má sì fi òpònú, agọ̀ àti dìndìnrìn túmọ̀ àwọn ìsọ̀rí mẹ́ta tí àwọn oníṣègùn ìgbà náà ń lò fún àwọn tí òye wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀sùn tí Binet fi kàn wọ́n ni pé ọmọ kan náà á gba orúkọ kan lọ́dọ̀ oníṣègùn yìí, á gba òmíràn lọ́dọ̀ ìkejì. "Ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún" ni kí a kọ.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Binet ṣe eré fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń fọkàn sí nǹkan: bí olùkọ́ bá ti fún wọn ní àmì, kí gbogbo wọn dúró gbagidi bí ère, kí ẹnikẹ́ni má mira. "Ìdárayá làákàyè" ni mo kọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ ti kọ́ jẹ́léósinmi rí, kí lẹ máa ń pè é nígbà tí ẹ bá ń ṣe irú eré yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ?