Dàńṣíkí: ẹ̀wù inú tó jáde síta

Ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Kubwa, l'Ábùjá níbí, ni àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọmọ wọ dàńṣíkí àdìrẹ, ni ẹ̀gbọ́n kan bá ní ojúlówó Yorùbá lorúkọ ẹ̀wù náà: "ẹ̀wù tí a dá, tí a ṣí láyà kí atẹ́gùn lè wọlé." Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bá a bá ń tú orúkọ báyìí, a ó tú Kaduna náà di ọmọ Ìbàdàn.

"Ɗan ciki" ni Haúsá ń pè é. Ɗan ni ọmọkùnrin, ciki ni inú. Ṣùgbọ́n ɗan tiwọn kọjá ọmọ bíbí: ọlọ́pàá ni ɗan sanda, ọmọ ọ̀pá, ɗanwake, oúnjẹ tí wọ́n ń tà létí títì, ọmọ ẹ̀wà ni. Ọmọ inú yìí, ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ babbar riga ni, agbádá tiwọn. Ìró c wọn kò sí lẹ́nu wa, la bá fi ṣ rọ́pò rẹ̀.

Mo gbé yáàdì 3 lọ bá télọ̀ Haúsá kan, mo ní kó rán ɗan ciki fún mi. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó wá yọjú wẹ̀yìn mi bóyá mo fi ìyókù pamọ́ síbẹ̀. "Ina babbar rigar?" Agbádá ló ń bèèrè. Mo ní kò sí agbádá, èyí nìkan ni màá wọ̀ jáde. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ní kó rán síńgílẹ́ẹ̀tì fún ọkọ ìyàwó.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ibi tí ẹ̀wù ń gbé lára ni Haúsá fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwa, bó ṣe rí là ń wò: ó gbòòrò, apá rẹ̀ kò gùn, ara ń gba atẹ́gùn. Ti inú lọ́dọ̀ wa, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ wa fi ń wọ dàńṣíkí nìkan lọ sóko, tẹ́nikẹ́ni kò ní kó padà lọ wọṣọ. Nígbà táwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sì gbé e wọ̀ láàrin ọdún 1960 sí 1970, wọn ò wá agbádá lé e lórí.

Àbúrò kan ní ọ̀rọ̀ àyálò ni dàńṣíkí, ká sọ ọ́ nù, ká máa pè é ní "ẹ̀wù ìgbatẹ́gùn". Bùbá ńkọ́, kì í gba atẹ́gùn? Tó bá jẹ́ àyálò la fẹ́ lé, kó kọ́kọ́ ṣa àlùbọ́sà, tóun náà jẹ́ àyálò, kúrò nínú ọbẹ̀ tó jẹ lọ́jọ́ náà. Dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá. Ọ̀rọ̀ tuntun náà kò ṣeé fìbínú dá.

Nígbà tí mo lọ gba dàńṣíkí mi, télọ̀ ti so ìwé pélébé kan mọ́ ọn: iye yáàdì tí mo máa rà fún agbádá.