Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ gọ́ọ̀fù?

Ìyá Aránṣọ, Òkè-Fìà
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 15. Látìgbà tó ti fìdí rẹmi ní JS3 ló ti pa ìwé tì, oríta Ọláìyá ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Bàbá kan tí mo máa ń ránṣọ fún ní kí n jẹ́ kí òun máa mú un lọ sí pápá gọ́ọ̀fù ní Àdá ní gbogbo Sátidé, pé á kọ́ ìwà níbẹ̀, á sì kọ́ ìṣirò. Eré olówó mà ni! Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ pé àpò igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ kó máa bá wọn rù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Kádì Àtijọ́
Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe kádì, ẹni tó ń ru àpò yẹn.

Kò sí rẹfirí tó ń sáré tẹ̀ lé èèyàn nínú gọ́ọ̀fù. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń ka iye tó gbá fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ọ̀gá mi há sínú koríko. Ó ju igi láti gbá a, igi ò kan bọ́ọ̀lù rárá. Èmi nìkan ni mo rí i. Nígbà tá a gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò, ó ní, "Mélòó la gbá?" Mo ní márùn-ún, kínú ẹ̀ lè dùn. Ó fi àtàǹpàkò nu òógùn kúrò lójú káàdì tá a ń kọ iye sí, ó fi pẹ́ńsù kúkúrú kọ mẹ́fà. "Èyí tí mo jù tí kò kàn án ńkọ́? Wọ́n ń kà á." Kò bú mi. Àmọ́ títí dòní, mi ò lè purọ́ owó fún oníbàárà.

Bobby Jones, agbá gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, ṣe irú ẹ̀ ní ìdíje gọ́ọ̀fù U.S. Open 1925. Ó ní bọ́ọ̀lù òun mira, ó sì fi ẹyọ kan kún tiẹ̀. Òun àtẹnì kejì wá dọ́gba, wọ́n tún un gbá, ẹni kejì yẹn sì borí Jones.

Ti àpò rírù tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ ni, ẹ fojú sí i. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún náà, láti 1930 ni owó tí Chick Evans, agbá gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ti ń rán àwọn ọmọ kádì lọ sí yunifásítì. Ẹ bi bàbá yẹn: ṣé ọmọ á mú igi lọ́wọ́? Ta ló máa jókòó tì í kọ́ ọ níwèé?

Tíṣà Ìgbọ̀nà
Mo fara mọ́ kádì, àmọ́ Sátidé kan ò lè borí ọjọ́ márùn-ún ní Ọláìyá. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sí JS3 kẹ́ ẹ tó mú un lọ. Ojú á kọ́kọ́ tì í láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i. Ẹ bá a fara dà á.

Ìyá Aránṣọ, Òkè-Fìà
Ẹ ṣeun, Olúwa á bá wa wo tiwọn. Mo bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n máa jẹ́ kémi náà gbá a?" Ó ti pẹ́ tó ti bi mí ní nǹkan kan. Mò ń tẹ̀ lé wọn ní Sátidé yìí, mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a jọ ń lọ rí ọ̀gá ilé ìwé.