Mo fẹ́ padà sídìí táǹkì olómi òkun lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olómi_Salford:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, àmọ́ lónìí mo ní ìbéèrè. Láti 2011 títí di 2016 mo ní táǹkì olómi iyọ̀ kan nílé, lítà 120, clownfish méjì, edé kan, ìṣáwùrú òkun bíi mẹ́wàá, àti iyùn oríṣiríṣi, àwọn tó rọ̀ ni o, kì í ṣe àwọn tó le bí òkúta. Ní 2016 màmá mi kú, mo lọ sin wọ́n nílé n'Íbàdàn, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rẹ́ mi kan ló ń bá mi fún ẹja lóúnjẹ. Ọjọ́ kẹsàn-án ló pè mí pé omi ti dà bí omidùn, pé ilé ń rùn. Hítà ló kọ̀ tí ò pa ara ẹ̀ mọ́, ó ń gbóná lọ títí omi fi dé 34 lórí tẹmómítà. Nǹkan kan ò yè nínú ẹ̀. Ìgbà tí mo dé, mo da omi nù, mo kó òkúta inú ẹ̀ sínú àpò, mo jù ú sí gáréèjì, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja létí mi mọ́.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn mo mú ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, lọ sí The Deep, ilé ìwòran ẹja òkun kan, ní Hull. Ó dúró níwájú gíláàsì, kò kúrò níbẹ̀, ló bá yíjú sí mi, ó ní Dádì, ṣé iyùn tí Màmá Àgbà so mọ́rùn nínú fọ́tò nìyí? Àtìgbà yẹn ni nǹkan yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ètò mi rèé. Táǹkì 90 × 45 × 50 sẹ̀ntímítà, bíi lítà 200 nìyẹn, màá gbé e sí yàrá òkè tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Òkúta àtijọ́ yẹn, màá gbé ìkòkò ńlá kaná, màá sè é dáadáa kí gbogbo ìdọ̀tí ara ẹ̀ kú, torí zoanthid àti palythoa, àwọn iyùn rírọ̀ tó máa ń bo òkúta, pọ̀ lára ẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n ti gbẹ mọ́ ọn. Màá fi omi ẹ̀rọ po iyọ̀ bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi sì fẹ́ ẹja yellow tang torí àwọ̀ ẹ̀. Kí ló ti yí padà láti 2016 tó yẹ kí n mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

IyaIbeji_Leeds:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má se òkúta yẹn o! Mi ò tíì kí yín kí n tó sọ ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ má gbé e kaná, ẹ má da omi gbígbóná lé e, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á ní gbígbẹ.

Palythoa àti àwọn zoanthid míì ní májèlé kan lára tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Ara palythoa kan láti Maui ní Hawaii ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1971, ó sì wà lára àwọn májèlé tó burú jù tí nǹkan ẹlẹ́mìí ń ṣe. Síse kì í pa á. Bẹ́ ẹ bá sè é, ooru ìkòkò yẹn ló máa gbé e sáfẹ́fẹ́, ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ máa fà á símú. Ní oṣù kẹta 2018, ní Steventon, abúlé kan ní Oxfordshire, wọ́n ń fọ iyùn táǹkì nínú ilé kan, èèyàn mẹ́wàá ló dèrò ọsibítù, panápaná mẹ́rin tó wá gbà wọ́n sílẹ̀ wà nínú wọn.

Èmi fúnra mi, ní 2019, mo gé palythoa kan lórí tábìlì ìdáná láì wọ ìbọ̀wọ́, ó ta sí mi lójú díẹ̀, mo nù ún kúrò, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó fi máa dalẹ́, ẹnu mi ń ṣe bí ìgbà téèyàn fi kọ́bọ̀ sẹ́nu, ara mi ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, àyà mi fún pinpin tí mi ò lè mí kanlẹ̀. Mo pe 111, nọ́ńbà ìlera ìjọba níbí, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́sibítù kíákíá. Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀. Àwọn ìbejì ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, orí tábìlì yẹn náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo òkúta yẹn dandan. Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù pílásítì, ìta gbangba ni o, kì í ṣe gáréèjì. Omi tútù ìwọ̀n mẹ́sàn-án, búlíìṣì ìwọ̀n kan, búlíìṣì lásán tí kò ki tí kò sì ní lọ́fínńdà nínú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú, ẹ fi omi rin òkúta náà látinú àpò kí eruku ẹ̀ má fò, ẹ rọra tì í bọ inú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má da ọtí kíkan tàbí ásíìdì kankan mọ́ búlíìṣì o, gáàsì olóró ló ń dà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣàn án, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tuntun tẹ́ ẹ ti fi oògùn tó ń pa kílórínì sí, kẹ́ ẹ wá sá a títí tí ò fi ní rùn búlíìṣì mọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, màá dì í sínú ọ̀rá méjì, màá gbé e sọnù ni. Gbogbo ohun tó kú nínú táǹkì yín lọ́jọ́ yẹn, òkúta yẹn ti fà á mu, phosphate, tó jẹ́ oúnjẹ algae, á máa ti ara ẹ̀ jáde sínú omi fún oṣù púpọ̀, algae, ìyẹn ewé omi, tó dà bí irun lẹ ó sì máa fà tu.

Ẹ kú ilé, sà. Ẹ kú àráfẹ́rakù màmá.

Akanbi_MCR:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún Màmá. Ọ̀rọ̀ òkúta, ìyá àwọn ìbejì ti sọ ọ́ tán.

Yàrá òkè ni kí n mú. Lítà 200 omi òkun á lé díẹ̀ ní kílò 200, ẹ wá ro gíláàsì mọ́ ọn, yanrìn, òkúta, tábìlì tó gbé e àti omi inú sump, táǹkì kékeré abẹ́ ẹ̀, ó ti kọjá kílò 300, bí ìgbà tí àgbàlagbà mẹ́rin bá dúró sójú kan tọ̀sán tòru tí wọn ò sì ní kúrò fún ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ yàrá òkè ilé wọ̀nyí, pákó lórí igi ló pọ̀ jù. Ẹ gbé e sísàlẹ̀, kó fara ti ògiri, kó jìnnà sí fèrèsé àti radiator.

Ọ̀rọ̀ hítà yẹn dùn mí dénú. A kì í ra hítà ńlá kan mọ́, kékeré méjì là ń rà, oní-wáàtì 100 méjì ti tó yín, tí ọ̀kan bá há tí ò kú, kò lágbára tó máa fi tètè se omi. A ó wá ki méjèèjì bọ kọńtírólà tó ní ojú tiẹ̀ nínú omi. Mo ṣe tèmi sí 25, tó bá fi dé 26 àtààbọ̀ ó máa gé iná, á sì fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ní 2022 mo wà nínú mọ́tò láàárín Ṣàgámù sí Abẹ́òkúta ni fóònù dún, mo pe ọmọ mi ní Manchester pé kó lọ fa hítà yọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹja kan ò kú.

Omi ẹ̀rọ, ẹ gbàgbé ẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì gba nitrate tó mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, èèyàn lè mu ún, kò ní ṣe é ní nǹkan, àmọ́ ibi tí algae ti ń jẹ àjẹyó nìyẹn, bàbà páìpù ilé àtijọ́ sì ń wọnú omi, ìwọ̀nba bíńtín nínú ẹ̀ ti tó láti pa edé àti ìṣáwùrú. Ẹ ra ẹ̀rọ RO tó ní DI lẹ́yìn, èyí tó ń sẹ́ gbogbo nǹkan kúrò nínú omi, kí mítà TDS, tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, máa fi òdo hàn yín. Iyọ̀ kílò 20 á ṣe bíi lítà 550. Ẹ pò ó dé 35 ppt, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan, kẹ́ ẹ fi refractometer, ohun tá a fi ń wọn iyọ̀, wò ó, kẹ́ ẹ sì máa fi omi òdiwọ̀n 35 tún refractometer yẹn ṣe, torí tèmi ti purọ́ fún mi rí. Omi tó bá gbẹ lójoojúmọ́, omi RO lásán lẹ máa fi dí i o, iyọ̀ kì í bá omi gbẹ.

Ohun tó yí padà jù nìyí, ó sì jẹ́ èmi náà níyà. Láyé ọjọ́un gbogbo wa là ń lé nitrate àti phosphate di òdo, ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ òdo ni ọ̀gá. Ní 2020 tèmi di òdo lóòótọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan aláwọ̀ igi kan bo yanrìn, ó ń yọ̀ bí omi ilá, èéhó afẹ́fẹ́ kéékèèké rọ̀ mọ́ orí ẹ̀, mo fà á mu pẹ̀lú rọ́bà ní àárọ̀, ní ọ̀sán ó ti padà. Dinoflagellate ni, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan. Ìṣáwùrú mi kú mọ́ra wọn, oṣù mẹ́rin ni mo fi bá a jà, ohun tó gbà mí ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í da nitrate àti phosphate sómi padà. Báyìí nitrate mi ń lọ láàárín 5 sí 10, phosphate bíi 0.05 sí 0.1, alkalinity, ìyẹn agbára omi láti máà di kíkan, 8 sí 9 dKH, calcium 420, kò sì sí ìyọnu. Kí alkalinity dúró sójú kan lẹ fi ṣe àkọ́kọ́, bó ṣe ń lọ sókè sódò ló ń pa iyùn.

Ẹ̀gbọ́n, yellow tang ò lè gbé nínú 90 sẹ̀ntímítà. Á dàgbà tó 20, gbogbo ọjọ́ ló fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ ní Hawaii sì dá kíkó wọn látinú òkun fún títà dúró ní 2021, èyí tí wọ́n ń tọ́ láti inú ẹyin, ohun tí Oceanic Institute ní Hawaii kọ́kọ́ ṣe yọrí ní 2015, owó gidi ni. Ẹ bá ọmọ ra ẹja yellow watchman goby pẹ̀lú edé pistol shrimp kan. Edé yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, òun ló ń wa ihò, ẹja á dúró lẹ́nu ihò máa ṣọ́ ọ. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò wọ́n: edé á ti yanrìn jáde bíi katapílà, ìwo orí ẹ̀ kan ò ní kúrò lára ìrù ẹja, tí ẹja bá ti gbọn ìrù lẹ́ẹ̀kan péré, edé ti wọlé. Wákàtí kan lọmọbìnrin mi lò níwájú tiwa lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Tobi_Houston:

Èmi rò pé kí ẹ̀gbọ́n fi lítà 60 bẹ̀rẹ̀ ná, owó iná mànàmáná ti gbówó lórí níbi gbogbo. Zoanthid mélòó kan, clownfish méjì, ó parí.

Akanbi_MCR:

Tobi, mo gbọ́ ẹ, àmọ́ nínú lítà 60, àṣìṣe kékeré ti di ńlá. Gbàgbé omi dídí fún ọjọ́ méjì péré, iyọ̀ ti fò sókè. Lítà 200 á fún ẹ̀gbọ́n láàyè láti rí i kó tó bàjẹ́. LED tá à ń lò báyìí náà ò jẹná bíi gílóòbù metal halide àtijọ́. Àti zoanthid, lẹ́yìn ohun tí ìyá àwọn ìbejì sọ, pẹ̀lú ọmọ ọdún méje nílé? Kí ẹ̀gbọ́n fi iyùn leather àti olú òkun, Discosoma yẹn, bẹ̀rẹ̀.

Omo_Ajah:

Ẹ̀gbọ́n, Èkó ni mo wà, èmi ò ní hítà rárá. Tí iná bá lọ lọ́sàn-án, yàrá á dé 32, fáànù kékeré méjì tó ń fẹ́ sójú omi ló ń mú un wá sílẹ̀ díẹ̀, omi á sì máa gbẹ bí ẹni ń mu ún. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí torí iná lè lọ lọ́dọ̀ yín náà: pọ́ǹpù tó ń ru omi ni kẹ́ ẹ so mọ́ bátìrì, kì í ṣe iná táǹkì. Iyùn lè wà lókùnkùn lódindi ọjọ́ kan, àmọ́ tí omi bá dúró wẹ́lo, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹja ò ní rí afẹ́fẹ́ mí.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé òkun ló wà lẹ́yìn ilé ẹ, kí ló dé tó ò pọn ọ́n níbẹ̀. Ọ̀sà ń da ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ìlú sínú ẹ̀, iyọ̀ ẹ̀ kì í dúró sójú kan, iyọ̀ oníbọ́kẹ́ẹ̀tì lèmi náà ń pò.

Ìbéèrè ọmọ yín wọ̀ mí lára. Ẹ sọ fún un pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Iyùn pupa tí àwọn ọba àti àwọn ìyá wa ń so, Corallium rubrum ni, òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, inú ihò àpáta àti ìsàlẹ̀ òkun tó ṣókùnkùn ló ń gbé, ọwọ́ kéékèèké ló fi ń mú oúnjẹ tó bá ń léfòó kọjá. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ sìn, ohun ọ̀gbìn tíntìntín ló ń gbé inú ẹran ara ẹ̀, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, wọ́n ń bọ́ onílé wọn. Tí omi bá gbóná jù, iyùn á lé wọn jáde, á funfun. Ó dá mi lójú pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú tiyín nìyẹn kó tó di omidùn.

Olómi_Salford:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá àwọn ìbejì, ìkòkò yẹn ti wà lórí kúkà tẹ́lẹ̀ o, ọ̀sán Sátidé ni mo fẹ́ sè é. Mo ti fi ọ̀rá méjì di òkúta náà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ó ti wà níta, màá ra tuntun. Ọlọ́run á bá yín tọ́ àwọn ìbejì.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni, hítà méjì, kọńtírólà, RO. Mo máa fi bakitéríà inú ìgò bẹ̀rẹ̀, mi ò ní gbé ẹja kankan sí i títí amóníà àti nitrite, àwọn májèlé tó ń ti ìdọ̀tí wá, á fi di òdo, bó bá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó gbà á. Mo fi fídíò goby àti edé yẹn han ọmọ mi. Kò dárúkọ tang mọ́. Ó ti fi séló téèpù sàmì sílẹ̀ yàrá, 90 sí 45, ó gbé àga kékeré ẹ̀ síwájú ẹ̀, ibẹ̀ ló ti jẹ àmàlà ẹ̀ lálẹ́ àná. Akanbi, ìbéèrè kan ló kù: yanrìn tí edé yẹn fẹ́ gbẹ́ ihò sí, báwo ló ṣe yẹ kó jìn tó?