Agbo ìtura lẹ́yìnkùlé ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta: kí ni mo lè fi pa á tí ẹnikẹ́ni ò ní sá?

Ìyá Aláró

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Agbo tí èèyàn ń jókòó yípo ni mo fẹ́ bi yín nípa rẹ̀ o, kì í ṣe àgbo inú ìgò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé nígbà tí mo kọ ọ́ láìfàmì sórí Wáásáàpù àwa ìyá ọjà, èèyàn méjì ló bi mí pé èló ni ìgò kan, ṣé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mo ń ṣe, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti bá a. Lọ́dún tó kọjá, láàárín oṣù márùn-ún, mo sin ọkọ mi, mo tún sin àbúrò mi obìnrin tá a jọ ń rẹ aró. Nígbà tí àwọn èèyàn fi máa lọ tán, ilé dá. Oorun kọ̀, kò wá. Màá jí ní aago mẹ́ta òru, màá lọ jókòó sẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò aró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibẹ̀ nìkan ni ọkàn mi ti ń rọlẹ̀ díẹ̀. Ni mo bá pe àwọn obìnrin mẹ́rin míì tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ alásàlátù, méjì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ ìyá kan láti Kẹ́mta tó ṣì ń bọ òrìṣà ilé bàbá rẹ̀. Mo ní ká máa pagbo nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí oníkálùkù sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tàbí kó jókòó kó dákẹ́.

Ibi tí wàhálà ti dé rèé. Mo fẹ́ kí ojú ibẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tá a ti ń sá aṣọ. Mo ra ẹfun, mo ní kí ọmọ aládùúgbò kan dúró láàárín kó di etí iko kan mú, èmi di etí kejì mú, mo ń yí i po, mo ń fi ẹfun fa ilẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Ó rẹwà! Ó funfun lórí àpáta (ẹ ṣáà mọ̀ pé àpáta ni ilẹ̀ tiwa lọ́hùn-ún, ọkọ́ ò lè wọ̀ ọ́). Kó tó di alẹ́, ayálégbé kan ti rí i, ó ti figbe ta, ó ti da omi ọṣẹ sí i, ó sì ti fi ìgbálẹ̀ gbo ó kúrò. Ó ní òun ò lè máa gbé ilé tí wọ́n ti ń fi ẹfun sàmì sílẹ̀. Mi ò bá a jà. Bó bá jẹ́ èmi ni mo jí bá irú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, màá sá.

A wá ń jókòó láìsí àmì kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú àwa márààrún ṣàdédé ní òun ń ríran, pé ikú tún ń wo ẹnu ọ̀nà ẹnì kan láàárín wa. Ẹ gbà mí! Níwájú obìnrin tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó sin ọmọ! Ó dìde, ó lọ, ó gbàgbé gèlè rẹ̀ sórí àpótí. Gèlè náà ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi pa agbo yìí tí kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni? Báwo la ó ṣe máa ṣí i, báwo la ó ṣe máa pa á dé, tí kò ní jẹ́ pé ẹ̀sìn ẹnì kan la fi ń tẹ tẹlòmíì mọ́lẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ ní kí n lọ sórí òkè o. Mo ti lọ. Orúnkún ń dùn mí.

Bàbá Aládùúrà, Adátán

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ìyá wa. Olúwa á dáwọ́ ibi dúró.

Ní ìjọ tiwa, a ní ilẹ̀ àánú. Iyanrìn lásán ni, a fi ọgbà kúkúrú yí i ká, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà débẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo á lọ síbẹ̀, á kúnlẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, bó bá sì wù ú kó sùn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Lójú tèmi, bàtà tí wọ́n ń bọ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kí èèyàn tó jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún un pé ibi tó wọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ra iyanrìn odò bíi bárò mẹ́rin, ẹ tẹ́ ẹ sórí àpáta yẹn. Iyanrìn kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ní ìta gbangba ò yẹ fún àdúrà, ẹ ní kó lọ wo òkúta ìrántí tó wà ní Aké. Abẹ́ igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù níbẹ̀ ní 1843, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní òrùlé.

Ní ti ìran, èmi náà ń ríran, òfin sì wà fún un. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àgbà á sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ. A kì í ju ìran sáàárín àwọn tó ń sunkún. Ẹ pe arábìnrin yẹn sí kọ̀rọ̀, ẹ ní ohun yòówù kó rí, ẹ̀yin nìkan ni kó wá sọ fún nígbà tí agbo bá ti tú.

Alásàlátù Ìbarà

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ má bínú, bàbá Adátán, ṣùgbọ́n ẹ má da iyanrìn sẹ́yìnkùlé ní Ìtòkú! Ológbò àdúgbò á fi ṣe ṣáláńgá kó tó di ọjọ́ kejì. Ojú mi ló ṣe. Ẹ ra ẹní, kí ẹ máa ká a nílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣe tán.

Pípagbo kì í ṣe nǹkan àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Àwọn ààfáà ń pè é ní halqa, kí èèyàn jókòó yípo láti gbọ́ ẹ̀kọ́ tàbí láti ṣe ìrántí Ọlọ́run. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún yín, ká ní èmi ni ẹ pè, tí mo bá bá àbẹ́là, ère tàbí nǹkan ẹbọ láàárín agbo, ẹnu ọ̀nà ni màá ti padà. Kì í ṣe pé mo kórìíra yín o. Alásàlátù yín lè má sọ ọ́, ó kàn máa ṣíwọ́ wíwá ni.

Ní ti ṣíṣí i, ẹ má yan ẹnì kan pé kó gbàdúrà fún gbogbo yín. Kí oníkálùkù bu omi wá láti ilé rẹ̀, ife kan péré, kó sọ èyí tó bá fẹ́ sọ fún Ọlọ́run rẹ̀ nínú, láìjẹ́ kó yọ sétí, kó wá da omi náà pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù nínú àwo kan. Ẹ sì jẹ́ kí ẹ ti tú ká kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì. Agbo tí ò ní àkókò ìtúká, òfófó ló máa ń dà.

Ọmọ Awo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbèjà ẹfun díẹ̀. Ti Ọbàtálá ni, ohun ìtutù ni, kò pa ẹnikẹ́ni rí. Àmọ́ òótọ́ ni ìyá sọ, ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, ẹni tó bá rí i nílẹ̀ ò ní dúró béèrè.

Ìyá, ṣé ẹ ò ní ìkòkò aró tó ti fọ́ ni? Mi ò tíì rí ilé aláró tí àpáàdì ò sí. Ẹ tò ó yí ibẹ̀ ká. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó síbẹ̀ náà sì ti ko ó lójú. Ta ló máa rí àpáàdì nílé aláró tó máa sá?

Ti omi tí Alásàlátù sọ yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èyí tí wọn ò tíì dáhùn ni bí ẹ ó ṣe pa á dé. Tí babaláwo bá tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n, tó kì í tán, kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ. Á pa á rẹ́. Ẹ̀yin náà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ti sọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí nǹkan kan wà tẹ́ ẹ fi ń pa á rẹ́. Ẹ gbé omi àwo yẹn, ẹ dà á sídìí igi kan, kí gbogbo ọwọ́ kan àwo náà. Ẹni tó bá tún wá gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ọjà, ó mọ ohun tóun ṣe.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ìyá léèrè oorun. Ìyá, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń jí ní aago mẹ́ta yẹn? Ṣé ẹ ń jẹun? Ẹ lọ rí dókítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìfúnpá yín.

Mi ò sọ pé agbo ò dáa o. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò níbí ní 1954, inú abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ló fi àwọn aláìsàn sí, kí ẹbí wọn lè máa bá wọn gbé, kí wọ́n sì máa rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Àwọn èèyàn wá láti òkè òkun láti wá wo bó ṣe ń ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, abúlé náà sì wà níbẹ̀, kò fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ẹnikẹ́ni nínú agbo yín bá ń sọ pé ayé ti sú òun, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀. Ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ bá a lọ.

Ìyá Aláró

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Nọ́ọ̀sì, mo lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára mi, mi ò mọ̀. Mo ti ń lo oògùn, mo ń sùn di aago márùn-ún.

Mo ṣa àpáàdì, mo rí mọ́kàndínlógún. Ìkòkò ìyá mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Inú wọn ṣì dúdú, tí òjò bá sì pa wọ́n, wọ́n ń rùn bí elú tó ti bà. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn, ẹ má bi mí. Ọ̀kan gé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ni mo bá dojú gbogbo wọn délẹ̀. Mo fi àlàfo kan sílẹ̀ níhà ilé ìdáná, ibẹ̀ là ń gbà wọlé, ibẹ̀ là ń bọ́ bàtà sí. Ayálégbé yẹn bi mí pé kí nìyí. Mo ní àpáàdì ni. Ó ní ó dáa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo pe ẹni tó ríran sí kọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà ló sunkún, ó ní ikú tí òun rí yẹn, ẹnu ọ̀nà òun fúnra òun ló wà, ẹ̀rù ló ń ba òun. Àwa méjèèjì la jọ mú gèlè lọ fún ìyá ọmọ. Ó gbà á, ó fún wa lómi mu. Kò tíì padà wá.

Omi ife la fi ń ṣí i, ìdí ewúro là ń dà á sí tá a bá fẹ́ tú ká. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, gbogbo wa dijú, ẹ̀dùn wà nílẹ̀, ilẹ̀ pa rọ́rọ́, àfi bí a ṣe gbọ́ kọ́lọ́kọ́lọ́. Ewúrẹ́ ló gba àlàfo yẹn wọlé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi àwo tán. Ìyá Kẹ́mta ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti lọ.

Àwo yẹn ti fẹ̀ jù. Ìṣà kékeré tí ẹnu rẹ̀ há ni mò ń wá báyìí, alámọ̀ o, kì í ṣe oníke. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, bóyá Lafẹ́nwá ni tàbí Kútọ̀, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí kó tó di Ọjọ́bọ̀.