Crowther nínú ilé ẹ̀: kí ni mo lè sọ nípa ẹ̀ bíi bàbá àti ọkọ?

Akowe_Egbe:
Ẹ kú àṣálẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ìjọ wa ló ní kí n sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè àwọn bàbá, wọ́n ní kí n mú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, kí n sọ bó ṣe jẹ́ olórí ilé, onígbàgbọ́ àtẹni tó sin ìlú. Mo ní kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tí mo jókòó pé kí n kọ ọ́ tí mo rí i pé gbogbo nǹkan tí mo mọ̀ ò ju èyí tí tíṣà kọ́ wa ní púráímárì lọ: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní 1864, ó túmọ̀ Bíbélì, ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Ó tán. Àwọn ọmọ Sunday school gan-an á kàn máa bá mi parí ẹ̀ ni.

Èmi fẹ́ mọ bó ṣe rí nílé. Ta ni ìyàwó ẹ̀, kí làwọn ọmọ ẹ̀ dà? Ẹnìkan tún sọ fún mi pé òwò táwọn ọmọ ẹ̀ ń ṣe wà lára nǹkan táwọn òyìnbó fi bà á lórúkọ jẹ́, ṣé òótọ́ ni, ṣé kí n sọ ọ́ níwájú ìjọ àbí kí n fò ó? Ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí, tí ò bá dá a lójú kó má kọ ọ́ o, torí àwọn bàbá ìjọ wa ò ṣeé purọ́ fún.

Iya_Igbein:
Ọmọ mi, ìyá ẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, má tíì débi ìyàwó. Ọjọ́ tí ogun wọ Òṣoògùn, òun, ìyá ẹ̀ Àfàlà, àtàwọn àbúrò ẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ fi okùn so lọ, ọ̀kan nínú wọn ọmọ ọwọ́ tí ò tíì pé ọdún kan. Wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹrù, wọ́n ń ta Àjàyí láti ọwọ́ ẹnìkan sí ẹlòmíì títí tó fi dé Èkó tí wọ́n fi gbé e wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá ni o. Ọjọ́ keje oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Myrmidon gbà wọ́n, wọ́n gbé wọn lọ sí Sàró (Sierra Leone), ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi ní 1825, ibẹ̀ ló ti níyàwó tó bímọ, kò dẹ̀ gbúròó ìyá ẹ̀ mọ́ rárá.

Ó wá di 1846, ó ti di àlùfáà, òun àti míṣọ́nárì òyìnbó kan tó ń jẹ́ Townsend ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Abẹ́òkúta láti Badagry, àní wọn ò tíì pé oṣù kan níbẹ̀. Ni ìyá bá gbọ́ lábúlé tó wà pé ọmọ òun wà láàyè. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ló dé. Crowther fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu àwọn, wọ́n kàn di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà lójú ìyá tó ti rù kan eegun, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó wá ń fàwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi pè é ní kékeré pè é. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ẹsẹ Bíbélì tó bọ́ sí ọjọ́ yẹn nínú kàlẹ́ńdà ẹ̀ wá láti inú Orin Dáfídì ìkẹwàá, níbi tó ti sọ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, ó ní òun ò mọ agbára ọ̀rọ̀ yẹn rí bíi tọjọ́ náà.

Ìyá wá gbé lọ́dọ̀ ẹ̀. Ní oṣù Kejì 1848 ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi l'Abẹ́òkúta, Hannah ni wọ́n sọ ọ́. Ìgbéín níbí ni Crowther ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà tiwa ni o, ẹ má jẹ́ kí àwọn ará Aké gbà á lọ́wọ́ wa 😀

Omo_Marina:
Mọ̀mọ́ ti sọ ti ìyá tán, ẹ ṣeun mà. Asano lorúkọ ìyàwó ẹ̀, Susan ni orúkọ ìrìbọmi. Ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lòun náà, tíṣà dẹ̀ ni, Sàró ni wọ́n ti fẹ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ ìtàn Crowther kì í dárúkọ obìnrin yìí rárá, ó máa ń dùn mí.

Nínú àwọn ọmọ, Abigail ló fẹ́ Thomas Babington Macaulay, àlùfáà lòun náà, ọmọ Sàró. Macaulay yìí ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù Kẹfà 1859, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn ni pé àna Bíṣọ́ọ̀bù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wàyí o, ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà Abigail bí ọmọkùnrin, ọmọ yẹn ni Herbert Macaulay! Herbert Macaulay tó wà lára kọ́ìnì náírà kan nígbà yẹn, tó gbé ìjọba òyìnbó l'Ékòó gbóná. Bàbá àgbà ẹ̀ nìyẹn. Tó o bá sọ èyí nìkan, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ fóònù lẹ́yìn á gbójú sókè.

Dandeson wà níbẹ̀ náà, ó tẹ̀lé bàbá ẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà, ó sì di archdeacon, ìyẹn olórí àwọn àlùfáà, lápá ìsàlẹ̀ odò Ọya.

Oju_Lo_Ri:
Ẹ dákun ẹ má fi ìwàásù bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ní olórí ilé, ìgbà wo ló ń jókòó sílé? 1841 ó wà lójú odò Ọya pẹ̀lú ìrìn àjò àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí àìsàn ibà pa òyìnbó bí ẹni ń pa eṣinṣin, lẹ́yìn náà ó lọ London lọ kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi jẹ àlùfáà ní 1843, 1854 odò Ọya, 1857 odò Ọya, ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Dayspring fọ́ sórí àpáta níbẹ̀. Ta ló ń wo ọmọ? Asano ni! Ẹ kúkú jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wá sọ̀rọ̀ ní Sọ́ńdè àwọn bàbá yẹn.

Ti òwò náà, òótọ́ ni. Josiah ọmọ ẹ̀ jẹ́ aṣojú ilé iṣẹ́ oníṣòwò lójú odò kan náà tí bàbá ẹ̀ ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Lóde òní kẹ̀, tí ọmọ bíṣọ́ọ̀bù bá ń ṣe irú ẹ̀, kí lẹ máa pè é?

Tisa_Feyinti:
@Oju_Lo_Ri mi ò ní bá ẹ jà lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó, o jàre. Obìnrin yẹn gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n gbọ́ apá kejì. Àwọn òyìnbó tó wá bá a jà lọ́jọ́ ogbó ẹ̀, lára ẹ̀sùn wọn ni pé Èkó ló ń gbé, lọ́dọ̀ ìyàwó àti ẹbí, pé ó kàn máa ń wọ ọkọ̀ lọ wo àwọn ìjọ odò Ọya ni. Tó bá lọ, wọ́n ní ó fi ilé sílẹ̀, tó bá wà nílé, wọ́n ní ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èwo ni kó ṣe?

Òwò náà kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi pamọ́. Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì tó rán Crowther níṣẹ́, nígbà yẹn àti Crowther jọ gbà pé òwò ẹrú ò lè dópin láìjẹ́ pé àwọn èèyàn rí òwò mìíì ṣe, epo, òwú, nǹkan báwọ̀nyẹn. Lórí èrò yẹn làwọn ọmọ ẹ̀ fi ń ṣòwò. Èmi gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan, mo rò pé kò dáa tó kí ọmọ wà nínú òwò níbi tí bàbá ti ń jẹ́ olórí ìjọ, ó fún àwọn ọ̀tá lọ́rọ̀ sọ. Akọ̀wé, má fò ó. Àwọn àgbà tó wà níjòkòó mọ bó ṣe ń rí tọ́mọ bá wà nítòsí iṣẹ́ bàbá ẹ̀.

Fi ti 1867 kún un. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Abokko nítòsí Ìdàh dá Crowther àti Dandeson dúró lójú odò, ó ní àfi kí wọ́n sanwó kóun tó fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, òun àti ọmọ ẹ̀ tún jọ wà nígbèkùn! Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, wá gbà wọ́n, wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà ba Fell, ó sì kú.

Ní oṣù Kẹjọ 1890 l'Ónítṣà, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹ̀, Dandeson wà lára wọn. Arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún! Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e rọpárọsẹ̀ kọlù ú, kò dẹ̀ rí ìparí ọdún yẹn já, òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1892 Dandeson àtàwọn ìjọ bíi ti Bonny dá Niger Delta Pastorate sílẹ̀, wọ́n ń fowó ara wọn bọ́ ara wọn. Ọdún 2014 ni Archbishop Welby tó tọrọ àforíjì ní Canterbury fún ohun tí wọ́n ṣe fún Crowther.

Alhaji_Iseyin:
Èmi Mùsùlùmí ni o, Ìsẹ́yìn níbí ni mo wà, ìjọba ìbílẹ̀ wa dẹ̀ ni Òṣoògùn wà. Ẹ fi kún un pé bàbá yẹn kì í bú ẹ̀sìn ẹlòmíì tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba Núpé, ó máa ń bá wọn jókòó, ó ń fún wọn ní Bíbélì tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ, wọ́n dẹ̀ ń gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn láàárọ̀ kùtùkùtù lóde òní ìbá gbọ́.

Akowe_Egbe:
Háà, mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti mọ bí mo ṣe máa ṣe é: ìyá, Asano àti Abigail, ọ̀rọ̀ òwò náà láìfò ó, ti Abokko, kí n wá kádìí ẹ̀ sí 1892. Canterbury àti Bíbélì ò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìbéèrè kan ló kù, ibo ni wọ́n sin ín sí? Ọ̀kan nínú àwọn bàbá á bi mí, mo mọ̀ ọ́n.

Omo_Marina:
Ìtẹ́ Àjẹ́lẹ̀ l'Ékòó ni wọ́n sin ín sí. Ìjọba wó ibẹ̀ láwọn ọdún 1970, àmọ́ ibi ìrántí ẹ̀ wà ní Káthídírà Marina, o lè lọ yà á ní fọ́tò tó o bá ráyè. Má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú ogún lọ o, ebi máa ń pa àwọn bàbá. Tó o bá kọ ọ́ tán gbé e síbí, ẹgbẹ́ tiwa náà fẹ́ jí i.